Albert Ernest Kitson, Ẹni tí Ó Bi Òkúta Léèrè Orúkọ

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó ń rìn lórí òkúta láti òwúrọ̀ ọjọ́ wọn títí di alẹ́, láì bi ara wọn léèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ọmọ Ìkẹ̀rẹ́ a máa gbé ojú sókè wo àpáta Olósùnta lójoojúmọ́. Àgbẹ̀ Ìṣẹ̀ àti ti Ẹmùré a máa kọ ebè láàárín àpáta. Lójú àgbẹ̀, òkúta jẹ́ ohun tí ń ba ẹnu ọkọ́ jẹ́; lójú ọ̀mọlé, ohun ìpìlẹ̀ ni; lójú abọrẹ̀, ibùjókòó òrìṣà ni. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà láyé tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti bi òkúta léèrè orúkọ, tí wọn kì í sì í sinmi títí òkúta yóò fi dá wọn lóhùn. Ọ̀kan pàtàkì nínú wọn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ ilẹ̀ Nàìjíríà ni Albert Ernest Kitson, ẹni tí kò ṣeé ṣe láti sọ ìtàn èédú ilẹ̀ Enugu kí a má dárúkọ rẹ̀.

Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Mẹ́ta ọdún 1868 ni a bí Kitson ní ìlú Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò pẹ́ ní ìlú tí a ti bí i. Nígbà tí ó ṣì wà ní kékeré ni àwọn òbí rẹ̀ kó lọ sí Nagpur ní ilẹ̀ Íńdíà. Láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ṣí lọ sí Victoria ní ilẹ̀ Australia. Ibẹ̀ ni ó ti kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, ibẹ̀ náà ni ó sì dàgbà sí. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà tí ó wọ iṣẹ́ ìjọba. Nígbà tí ó ṣe díẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀ka tí ń bójú tó ìwakùsà, wọ́n sì fi í ṣe akọ̀wé níbẹ̀.

Victoria kì í ṣe ilẹ̀ tí ènìyàn lè gbé kí ó má gbọ́ nípa ohun inú ilẹ̀. Láti ọdún 1851 tí a ti rí wúrà níbẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti ń ti ìpẹ̀kun ayé wá. Àwọn kan wá ní òtòṣì, wọ́n di ọlọ́rọ̀. Àwọn mìíràn wá pẹ̀lú owó lọ́wọ́, wọ́n padà ní ọwọ́ òfo. Ìwé nípa àwọn ibi ìwakùsà wọ̀nyí ni ó ń gba ọwọ́ Kitson kọjá. Bí ó bá jẹ́ ọ̀lẹ, ì bá ti máa to ìwé títí yóò fi gba owó ìfẹ̀yìntì. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń kọ orúkọ òkúta sínú ìwé, bẹ́ẹ̀ ni ó ń fẹ́ láti mọ òkúta tí ó ń jẹ́ orúkọ náà.

Kò fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ẹ̀kọ́, kò sì fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nítorí iṣẹ́. Ní ìlú Melbourne, ilé-ẹ̀kọ́ kan wà tí a dá sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Working Men's College. Ibẹ̀ ni ó ń lọ lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Ó sì tún kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Melbourne. Ó kọ́ nípa ilẹ̀ àti òkúta, ó kọ́ nípa ìwakùsà, ó sì kọ́ ilẹ̀ wíwọ̀n. Díẹ̀díẹ̀ ni akọ̀wé yìí fi kúrò nídìí tábìlì, tí ó sì di ẹni tí ìjọba ń rán lọ sí inú igbó láti yẹ ilẹ̀ wò. Lára ibi tí ó ti ṣiṣẹ́ ni ẹkùn Gippsland, níbi tí ó ti yẹ àwọn òkúta tí ó ní èédú nínú wò fínnífínní. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ nígbà náà pé ìmọ̀ èédú tí ó ń kó jọ ní Australia yóò wúlò ní ilẹ̀ Áfíríkà.

Ó yẹ kí a mọ bí àwọn ènìyàn ìran rẹ̀ ti ń dá òkúta mọ̀. Òkúta méjì lè dúdú bákan náà, kí wọ́n wúwo bákan náà, kí ọ̀kan níye lórí, kí èkejì má sì dára ju èyí tí a ń sọ lu ẹyẹ lọ. Ojú nìkan kò tó láti fi ṣe ìdájọ́. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé, láti ìgbà pípẹ́, ẹni tí ó bá ń kọ́ ẹ̀kọ́ kẹ́mísìrì tàbí ti ìwakùsà ní ilẹ̀ Yúróòpù a máa ní àpótí kékeré kan tí ó lè gbé lọ́wọ́ rìnrìn-àjò. Inú àpótí yìí ni gbogbo ohun tí a fi ń dán òkúta wò máa ń wà, tí a tò sí àyè wọn bí abẹ́rẹ́ ti ń wà nínú ìdì.

Olórí ohun èlò inú àpótí náà ni ọ̀pá fífẹ́. Ọ̀pá idẹ tín-ínrín ni, tí ẹnu rẹ̀ kan tóbi díẹ̀, tí ìkejì tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, tí ihò rẹ̀ sì kéré púpọ̀. Ẹni tí ó bá mọ agbẹ̀dẹ kò ní ṣàìmọ ìwúlò rẹ̀. Bí ẹwìrì ti ń fẹ́ atẹ́gùn sí iná arọ títí irin yóò fi pọ́n, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀pá yìí ń gbé èémí ẹnu ènìyàn sínú iná fìtílà tàbí ti àbẹ́là, tí ahọ́n iná yóò fi gùn, tí yóò dà bí ẹ̀gún, tí yóò sì gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè yọ́ ègé òkúta tí kò ju hóró àgbàdo lọ. Ẹni tí ó bá ń lò ó kò gbọdọ̀ dánu dúró. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni yóò fi ṣe àpò ẹwìrì. Bí ó ti ń fi imú mí sínú, bẹ́ẹ̀ ni atẹ́gùn inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ yóò máa jáde láì dáwọ́ dúró. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ èyí kí ó tó mọ́ ọn lára.

Yàtọ̀ sí ọ̀pá náà, òòlù kékeré a máa wà nínú àpótí, àti ẹ̀mú, àti irin tí ń fa irin, àti èédú igi tí a gbẹ́ ihò kékeré sí, àti wáyà platinum, àti ìgò kéékèèké tí a rọ iyọ̀ borax, sódà àti ásíìdì sí. Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí ó wà nínú òkúta kan, a ó lọ̀ ọ́ kúnná. A ó tẹ ẹnu wáyà róbótó, a ó mú un gbóná, a ó tì í bọ borax, a ó sì fẹ́ iná sí i títí borax yóò fi yọ́, tí yóò sì mọ́ gaara bí ìlẹ̀kẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó fi ìlẹ̀kẹ̀ gbígbóná yìí kan ìyẹ̀fun òkúta náà, a ó sì tún fẹ́ iná sí i. Bí kóbọ́ọ̀tì bá wà nínú rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ náà yóò di aró. Bí bàbà ni, yóò ní àwọ̀ ewéko nígbà tí ó gbóná, yóò sì di àwọ̀ aró nígbà tí ó bá tutù. Bí manganese ni, yóò gba àwọ̀ àlùkò tí ó rẹwà púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá tún gbé e sí àárín iná gan-an, àwọ̀ náà yóò pòórá.

Lórí èédú ni a ti ń dán àwọn mìíràn wò. Òjé yóò yọ́ sí hóró rírọ̀ kan tí ń dán, ohun kan tí ó pọ́n rúsúrúsú yóò sì yí i ká lórí èédú. Arsenic yóò rú èéfín tí ó ń rùn bí aáyù. Èéfín náà sì jẹ́ májèlé, nítorí náà ẹni tí ó gbọ́n kì í fi imú wá a kiri. Báyìí ni òkúta ṣe ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ orúkọ rẹ̀.

Àwọn ará Sweden ni ó kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ yìí di ọ̀nà ẹ̀kọ́ tòótọ́ ní nǹkan bí igba ọdún ó lé àádọ́ta sẹ́yìn. Johan Gottlieb Gahn, ẹni tí ó kọ́kọ́ yọ irin manganese jáde láti inú òkúta ní ọdún 1774, jẹ́ ọ̀gá nínú lílo ọ̀pá fífẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Berzelius, kọ ìwé lórí rẹ̀ ní ọdún 1820. Ní ilé-ẹ̀kọ́ ìwakùsà tí ó wà ní Freiberg ní ilẹ̀ Jámánì, Plattner, ọmọ awakùsà kan tí kò lówó lọ́wọ́, mú iṣẹ́ náà tẹ̀ síwájú tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pá fífẹ́ kò fi sọ ohun tí ó wà nínú òkúta nìkan mọ́, ṣùgbọ́n tí ó tún ń sọ iye rẹ̀. Láti ọwọ́ irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ náà ti tàn dé gbogbo ibi tí a ti ń wa kùsà láyé. Orí ìpìlẹ̀ yìí ni àwọn onímọ̀ ìran Kitson dúró lé: pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ẹnu lásán sọ pé òkúta kan jẹ́ báyìí, àfi bí ó bá ti dán an wò.

Ní ọdún 1906, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yan Kitson láti jẹ́ olórí àwọn tí yóò wá ohun àlùmọ́nì kiri ní Gúúsù Nàìjíríà. Ọdún náà gan-an ni a da Èkó àti àgbègbè rẹ̀ pọ̀ mọ́ Gúúsù Nàìjíríà, tí ilẹ̀ Yorùbá, Èkìtì pẹ̀lú, fi bọ́ sábẹ́ ìjọba kan náà pẹ̀lú ilẹ̀ Ìgbò àti ti Ẹdó. Iṣẹ́ tí a gbé lé e lọ́wọ́ kì í ṣe kékeré. Ọ̀nà ọkọ̀ kò tíì pọ̀. Igbó kìjikìji ni ó bo ilẹ̀ náà, ewéko àti erùpẹ̀ sì ti bo òkúta mọ́lẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó wà nísàlẹ̀ ní láti tọ ipa odò, nítorí odò ni ó máa ń gbẹ́ ilẹ̀ títí òkúta yóò fi yọ orí.

Kitson kò sì dá iṣẹ́ náà ṣe. Àwọn aláàárù ni ó ru ẹrù àti òkúta; àwọn ọmọ onílẹ̀ ni ó mọ ọ̀nà, tí wọ́n mọ odò tí ó ṣeé là kọjá àti èyí tí kò ṣeé là kọjá. Òkúta tí wọ́n bá rí ni wọ́n ń dì lọ sí ilé ìwádìí Imperial Institute ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí a ti ń tún un yẹ̀ wò pẹ̀lú ohun èlò tí ó tóbi ju èyí tí àpótí lè gbà lọ. Orúkọ olórí wà nínú ìwé. Orúkọ àwọn tí ó ru ẹrù kò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí nínú ọ̀pọ̀ ìtàn ìgbà náà.

Ohun tí ìjọba ń wá jù ni ohun tí yóò mú owó wọlé àti ohun tí ọkọ̀ ojú irin lè máa jó. Ọkọ̀ ojú irin ti ń ná Èkó sí Ìbàdàn láti ọdún 1901, ṣùgbọ́n láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ti ń fi ọkọ̀ òkun kó èédú rẹ̀ wá. Ní ẹ̀bá Asaba, Kitson àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ rí irú èédú kan tí kò tíì gbó, tí a ń pè ní lignite. Èyí jẹ́ àmì rere, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí wọ́n ń wá gan-an. Ní ọdún 1909, ní agbègbè Údì ní ìlà-oòrùn odò Ọya, wọ́n rí èédú tòótọ́ nínú òkè. Ẹni tí ó ti yẹ òkúta Gippsland wò kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un kí ó tó mọ ohun tí ó wà níwájú rẹ̀.

Láti inú ìwádìí yìí ni ìlú ńlá ti jáde. Ní ọdún 1915 ni a bẹ̀rẹ̀ sí wa èédú ní Ogbete. Ní ọdún 1916 ni ojú irin dé ibẹ̀ láti Port Harcourt. Ibi tí ó jẹ́ oko àti igbó tẹ́lẹ̀ di Enugu, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ti ń wá iṣẹ́. Ọkọ̀ ojú irin Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí jó èédú Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà ní olúwa kí èédú tó ní orúkọ. Àwọn àgbẹ̀ tí ó ni ín ni ilẹ̀ bọ́ mọ́ lọ́wọ́, àwọn ọmọ wọn ni ó sì wọ inú kòtò lọ láti gbẹ́ èédú fún owó tí kò tó nǹkan. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kọkànlá ọdún 1949, nígbà tí àwọn awakùsà Iva Valley ń bá àwọn ọ̀gá jà lórí owó iṣẹ́ wọn, àwọn ọlọ́pàá yìnbọn fún wọn, ènìyàn mọ́kànlélógún sì kú. Kitson ti kú kí èyí tó ṣẹlẹ̀, kì í sì í ṣe òun ni ó fa ìbọn. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá sọ ìtàn rírí èédú tí kò sọ ti àwọn tí ó kú nídìí rẹ̀, ìdajì ìtàn ni ó sọ.

Ní ọdún 1911 ni Kitson fi Nàìjíríà sílẹ̀. Ní ọdún 1913, a fi í ṣe olórí ilé-iṣẹ́ tí ń yẹ ilẹ̀ wò ní Gold Coast, èyí tí ó di orílẹ̀-èdè Ghana ní ọdún 1957. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ ti so èso jù. Ní ọdún 1914, ní Nsuta lẹ́bàá Tarkwa, ó rí òkè kan tí ó kún fún manganese, ohun kan náà tí Gahn yọ jáde ní Sweden ní ogóje ọdún ṣáájú, tí ó sì ń pa ìlẹ̀kẹ̀ borax láró àlùkò. Láìpẹ́ ni ogun àgbáyé kìn-ín-ní bẹ́ sílẹ̀. Kò sí bí a ṣe lè rọ irin líle láìsí manganese, ogun sì ń fẹ́ irin. Ní ọdún 1916 ni ọkọ̀ òkun bẹ̀rẹ̀ sí kó o lọ sí òkè òkun. Ó tún rí òkúta bauxite, tí a ti ń yọ alumíníọ́ọ̀mù. Ní ọdún 1919, ní Abomosu ní agbègbè odò Birim, ó rí dáyámọ́ńdì nínú yanrìn. Dáyámọ́ńdì kì í yọ́ sínú borax, ásíìdì kò sì lè jẹ ẹ́. Nípa líle rẹ̀ ni a ti ń mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó bá fẹ́ dá òkúta mọ̀ ní láti mọ ohun tí àpótí rẹ̀ lè ṣe, kí ó sì mọ ohun tí kò lè ṣe.

Ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé ohun tí ó ga jù nínú ohun tí Kitson rí kì í ṣe òkúta, omi ni. Ní ọdún 1915, nígbà tí ó wà nínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n lórí odò Volta, ó dé ibi tí odò náà há sí àárín òkè méjì ní Akosombo. Ó ṣàkíyèsí pé bí a bá dí odò níbẹ̀, agbára omi náà lè mú iná mànàmáná wá, iná náà sì lè sọ bauxite ilẹ̀ náà di alumíníọ́ọ̀mù. Ó kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó kọjá kí ẹnikẹ́ni tó ṣe é. Ní ọdún 1961, lábẹ́ ìjọba Kwame Nkrumah, ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1966 ni wọ́n ṣí ìdídò Akosombo. Iná dé, ó sì tàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé-iṣẹ́ alumíníọ́ọ̀mù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Tema ní ọdún 1967, ohun tí a kó wá láti òkè òkun ni ó ń yọ́, kì í ṣe bauxite ilẹ̀ Ghana. Apá kan nínú èrò Kitson ṣẹ, èkejì kò ṣẹ.

Ní ọdún 1927, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi oyè dá a lọ́lá, tí a fi ń pè é ní Sir Albert; ọdún náà ni àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Lyell. Ní ọdún 1930 ni ó fẹ̀yìn tì kúrò ní Gold Coast, ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Mẹ́ta ọdún 1937 ni ó sì kú, nígbà tí ó ku díẹ̀ kí ó pé ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin.

Bí a bá wo ìgbésí ayé ọkùnrin yìí, ohun méjì ni ó hàn kedere. Èkíní ni pé a kò bí i sínú ọlá. Akọ̀wé ni, ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ ni ó sì gbé e dé ibi tí ó dé. Kò fi ojú lásán dájọ́, kò sì kánjú. Èkejì ni pé ìmọ̀ rẹ̀ wà lábẹ́ àṣẹ àwọn tí ó rán an níṣẹ́. Òun ni ó mọ òkúta, àwọn ni ó pinnu ẹni tí yóò jẹ èrè rẹ̀. Àwọn onílẹ̀ kò sì sí níbi ìpinnu, nítorí kò sí ẹnìkan láàárín wọn tí a fún ní ọ̀pá fífẹ́ àti borax láti fi dán ohun ìní wọn wò. Ẹni tí kò mọ iye ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni a ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọ̀pọ̀. Àwọn òkúta ilẹ̀ Èkìtì, láti àpáta dúdú Ìkẹ̀rẹ́ títí dé ilẹ̀ Ìjerò tí ó ní tánganran àti òkúta tantalite nínú, kò tíì dákẹ́ ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá kọ́ èdè wọn ni wọn yóò bá sọ̀rọ̀. Ọmọ onílẹ̀ kò gbọdọ̀ gbẹ́yìn nínú ẹ̀kọ́ yìí.